Ọwọ́ Tó Ń Ké Ewì

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ tí mo bá rántí rẹ̀, ńṣe ni orí mi máa ń wú. Gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni a kò tíì sinmi àtiròyìn rẹ̀, kálukú ló sì ní bó ṣe ń sọ ọ́. Bí èmi ṣe rí i rèé.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Oníbúrẹ́dì. Òun kọ́ ló ni ilé búrẹ́dì náà o, òṣìṣẹ́ ni níbẹ̀. Òun ló máa ń po ìyẹ̀fun lórí tábìlì gbọọrọ kan títí yóò fi rọ̀ bí etí ọmọ ọwọ́. Ó kúrú, ó sanra díẹ̀, apá rẹ̀ sì le bíi ti ọkùnrin tó ń ru sìmẹ́ńtì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí ẹ bá kí i lẹ́nu iṣẹ́, yóò mi orí sí yín, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò ní kúrò nínú ohun tó ń ṣe.

Òkè ilé búrẹ́dì yẹn ni ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ àwọn akéwì, ti máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé. Yàrá gbọọrọ kan ni. Fèrèsé mẹ́rin rẹ̀ kọjú sí òpópónà, pákó ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ooru ààrò ìsàlẹ̀ sì máa ń gba àárín pákó náà gòkè, tí a ó fi máa làágùn bíi pé iṣẹ́ ọwọ́ la wá ṣe. Ọ̀gá ilé búrẹ́dì ló yọ̀ǹda yàrá náà fún wa. Ohun tó ní ká fi san oore náà ni pé ká máa jẹ búrẹ́dì òun, ká má sì lọ jẹ ti ẹlòmíràn. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló máa ń gbé agbọ̀n búrẹ́dì gòkè wá fún wa ní aago mẹ́ta, kó tó gba ilé rẹ̀ lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ẹyinjú ló ń pè é, gbogbo wa sì bá a pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ibà líle kan mú un. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n ó gbé etí ọmọ náà lọ. Ìyá rẹ̀ sunkún títí. Nígbà tó sunkún tán, ó gba ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití lọ, ó bẹ olùkọ́ pé kó jẹ́ kí òun máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì tí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ọdún mẹ́rin ló fi jókòó lórí àga ọmọdé, tí orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, tó ń kọ́ èdè ọwọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké. Àwọn ọmọ náà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìka rẹ̀ ti sanra jù, pé tó bá fẹ́ sọ "ológbò," "màlúù" ló ń sọ.

Ọ̀sán Sátidé kan, ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ó mú Ẹyinjú dání gòkè wá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Ọ̀kan nínú wa tó ń wa bọ́ọ̀sì ló wà lórí ìdúró, ó ń ké ewì tó kọ nípa bàbá rẹ̀ tó ṣaláìsí. Àwọn ènìyàn ń nu ojú. Ẹyinjú wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa aṣọ ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ bi í pé kí ni ọkùnrin yẹn ń sọ tó ń pa àwọn àgbàlagbà lẹ́kún.

Ìyá gbé agbọ̀n sílẹ̀. Awakọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ilé ni bàbá òun, inú rẹ̀ ni òun máa ń sá sí nígbà òjò. Ìyá fi ọwọ́ ṣe bàbá, ó ṣe ilé, ó ṣe òjò. Ọmọ ní ṣé bàbá náà ní ilé ni? Ìyá ní rárá. Ọmọ ní ṣé òjò ló wó ilé náà ni? Ìyá ní rárá. Ọmọ wá bi í pé kí wá ni wọ́n ń sunkún sí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ìyá Oníbúrẹ́dì wọra. Nígbà tí ìpàdé tú, kò lọ sílé. Ó dúró de awakọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ní kó jọ̀wọ́ ṣàlàyé ohun tó ní lọ́kàn kí òun lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ òun.  Awakọ̀ ní òun alára ò tíì rò ó dé ibẹ̀ yẹn. Àwọn méjèèjì bá jókòó, wọ́n tú ewì náà palẹ̀ bí ẹni ń tú rédíò, wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò. Nígbà tó yá, Ìyá dìde dúró níwájú ọmọ rẹ̀. Ó ṣe òjò, kì í ṣe òjò tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́, òjò tó ń na ni léjìká, tó ń mú ni gbọ̀n ni. Ó wá ṣe bàbá, ọkùnrin gíga kan tó ṣí apá rẹ̀ sílẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó kó ọmọ rẹ̀ sínú apá náà, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó dì í mú pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ju ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Kò sí ilé mọ́. Òjò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹyinjú ò mira. Awakọ̀ ló bú sẹ́kún. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó sọ fún wa pé ọjọ́ tí òun fojú rí ewì òun ni òun tó gbà pé ewì ni.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà, Ìyá Oníbúrẹ́dì pàṣẹ pé ẹni tó bá máa ké ewì ní Sátidé gbọ́dọ̀ fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún òun ní ọjọ́ Ajé. Yóò fi ìwé náà sínú ọ̀rá kí ìyẹ̀fun má baà bà á jẹ́, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri iwájú tábìlì rẹ̀, yóò sì máa kà á bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé nígbà míì yóò dáwọ́ dúró, yóò gbé ọwọ́ tí ìyẹ̀fun bò sókè, yóò dá nǹkan kan sínú afẹ́fẹ́, yóò mi orí pé kò rí bẹ́ẹ̀, yóò tún un ṣe. Nígbà tó bá fi máa di Sátidé, ewì náà ti wọ̀ ọ́ lára, yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ akéwì, yóò sì máa fi ọwọ́ ké e fún ọmọ rẹ̀.

Bàbá Alága ò fara mọ́ ọn níbẹ̀rẹ̀. Òun ni alága ẹgbẹ́ wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó ní ọwọ́ obìnrin náà ń gba ojú àwọn ènìyàn kúrò lára akéwì, pé kó lọ dúró lẹ́yìn. Ìyá ní kò burú, ṣùgbọ́n ọmọ tí òun ń ṣe é fún ò ní ojú lẹ́yìn orí. Bàbá Alága ní kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ó kan Bàbá Alága fúnra rẹ̀ láti ké ewì. Ìyá gba ìwé rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé e padà lọ bá a nílé, ó fi ìka kan ìlà bíi mẹ́fà ní àárín ìwé náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo wá ọwọ́ tí mo lè fi ṣe ibí yìí, mi ò rí. Kí lẹ fẹ́ sọ gan-an?"

Bàbá bínú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé búrẹ́dì, ó ní òótọ́ ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ariwo lásán ni òun kó síbẹ̀. Ó ti fa ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe nínú wa tó máa parí ewì láìkọ́kọ́ gbé e dé ẹnu tábìlì oníyẹ̀fun yẹn. Èmi náà ti gbé ewì dé ibẹ̀ tí mo gbé e padà sílé bí ọmọ tó fìdí rẹmi.

Àwọn adití wá ń pọ̀ sí i. Aránbàtà kan tó ní ìsọ̀ ní ìkangun òpópónà ló kọ́kọ́ wá, torí Ẹyinjú lọ sọ fún un. Aránbàtà mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ẹ̀gbọ́n mú ìyàwó rẹ̀ wá. Nígbà tó fi pé ọdún mẹ́wàá, wọ́n ti lé ní ogún, iwájú gan-an ni wọ́n ń jókòó. Àwa akéwì fẹ́ràn wọn ju ara wa lọ, torí wọn kì í gbójú kúrò.

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ wa pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bàbá Alága pe àwa ìgbìmọ̀ jọ, ó ní ọdọọdún là ń fún ara wa ní àmì ẹ̀yẹ, tí akéwì ń yẹ́ akéwì sí, bí ẹni ń yín ara rẹ̀ nínú dígí. Ó ní ó tó àsìkò tí a máa yẹ́ ẹni tó ń gbé wa dúró sí. Kò sí ẹni tó béèrè pé ta ni.

Ohun tó wá di wàhálà ni bí a ṣe máa ṣe é. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí wọn máa sọ nínú yàrá yẹn tí kò ní kọ́kọ́ gba ọwọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì kọjá. Tí a ò bá fún un ní ìwé, yóò fura. Tí a bá sì fún un, ọ̀rọ̀ ti tú. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ló ronú kan án. Ó ní kí Bàbá Alága kọ ọ̀rọ̀ ìyìn nípa káfíńtà tó kan àwọn àga wa, kó fún Ìyá ní ìyẹn. Káfíńtà náà gbà láti jẹ́ kí a fi òun bojú. Ó ní ọdún tó ń bọ̀ kẹ̀, a ó mú òun lóòótọ́.

Ìyá gba ìwé náà, ó sì fi gbogbo ara kọ́ ọ. Ó tiẹ̀ lọ sí ìsọ̀ káfíńtà, ó ní kó jẹ́ kí òun wo bó ṣe ń di ayùn mú, kí ọwọ́ òun má baà purọ́ mọ́ ọn. Ó jókòó tì í fún odidi wákàtí kan. Káfíńtà ní ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun, pé igi mẹ́ta ni òun gé tí òun ò nílò.

Ọjọ́ pé. Yàrá náà kún dẹ́nu ọ̀nà, àwọn kan jókòó sórí fèrèsé. Àwọn adití wà níwájú bíi ti àtẹ̀yìnwá, ojú wọn ń dán, torí Ẹyinjú ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ìyá ò mọ nǹkan kan. Ó wọ aṣọ dúdú tó máa ń wọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè hàn dáadáa, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ akéwì gan-an, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mọ́. 

Bàbá Alága bọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé. Ó sọ̀rọ̀ nípa àga, nípa igi, nípa ẹni tó jẹ́ kí a rí ibi jókòó. Ọwọ́ Ìyá ń tẹ̀ lé e geere, ó fi ayùn gé igi bí ẹni tí wọ́n bí sí ìsọ̀ káfíńtà. Lójijì, Bàbá Alága ká ìwé náà, ó fi í sápò. Ìyá wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé ọjọ́ orí ti dé sí Bàbá, pé ó ti gbàgbé ibi tó dé.

"Ẹni tí a fẹ́ yẹ́ sí lónìí ò kọ ewì rí," ni Bàbá Alága wí. "Ṣùgbọ́n kò sí ewì kan tí a kọ nínú ilé yìí fún ọdún mọ́kàndínlógún tí kò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ìsàlẹ̀ ibí yìí ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyẹ̀fun ló ń pò."

Ìyá ti fi ọwọ́ sọ ọ́ dé "ìsàlẹ̀" kó tó yé e. Ọwọ́ rẹ̀ dúró gbagidi lófuurufú.  Bàbá Alága yíjú sí i, ó ní kó jọ̀ọ́ máa bá iṣẹ́ lọ, àwọn ènìyàn rẹ̀ ń dúró. Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá fi ọwọ́ ṣe "obìnrin kan," ó ṣe "ó ṣeun," ó ju ọwọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹyinjú ló dá a dúró. Ó ti di ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, olùkọ́ ni nílé ẹ̀kọ́ tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ lọ. Ó bọ́ síwájú, ó di ìyá rẹ̀ mú léjìká, ó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì kọjú sí wa. Ó fi ọwọ́ sọ pé òun ní ewì kan. Ìyá mí kanlẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé ojú ti kúrò lára òun. Kò sì tíì sí adití kan tó ké ewì tirẹ̀ nínú yàrá náà rí. Ó ti nà síwájú láti wo ọmọ rẹ̀ dáadáa nígbà tí Bàbá Alága gbé máíìkì lé e lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yé òun àti gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa tí a ń gbọ́ ò mọ ohun tí Ẹyinjú fẹ́ sọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yẹn tó lè fi ẹnu sọ ọ́ fún wa, òun náà sì ni ẹni tí wọ́n kọ ewì náà fún. 

Ẹyinjú bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ gùn, ó tinrin, ó ń fò bí ẹyẹ. Ìyá gbé máíìkì sẹ́nu. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ayé mi dákẹ́ lọ́jọ́ kan, bí ilé tí gbogbo ènìyàn jáde nínú rẹ̀. Obìnrin kan wọlé. Kò gbé ohùn wá. Ó gbé ọwọ́ wá."

Ó dúró. Ẹyinjú ń bá tirẹ̀ lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò fún ìgbà pípẹ́. Ìyá tún gbé máíìkì sókè, ó ní, "Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó tán."

Aránbàtà mọ ẹnu kà. Ó ti ń wo ètè Ìyá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fò dìde, ó fi ẹsẹ̀ lu pákó gbì gbì gbì, ó sì ń fi ọwọ́ sọ fún àwọn tó kù pé kò sọ gbogbo rẹ̀, ó ń jí i kó. Gbogbo àwọn adití bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ilé ń mì. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ rò pé òkè fẹ́ wó lé àwọn lórí, ọ̀gá ilé búrẹ́dì sáré gòkè wá, ìyẹ̀fun bò ó dé irùngbọ̀n, ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn nítorí ẹ̀rín. Ẹyinjú dúró, ó ká apá, ó ń wo ìyá rẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní kí ọmọ tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, kò fo ọ̀rọ̀ kan.

"Ọwọ́ náà ní ìyẹ̀fun lára. Ó kọ́ orúkọ gbogbo nǹkan nítorí mi, ó ṣì í pè, àwọn ọmọdé fi í rẹ́rìn-ín, kò dìde lọ. Ìyá mi jókòó lórí àga tó kéré jù fún un, kí n má baà dá jókòó nínú ayé tó tóbi jù fún mi. Ẹ̀yin fi etí gbọ́ ewì. Èmi rí i lára ìyá mi. N kò mọ èyí tó dùn jù. Ṣùgbọ́n n kò ní bá yín ṣe pàṣípààrọ̀."

Ó sọ "ìyá mi" báyìí, ara rẹ̀ ló sì ń sọ.  Nígbà tó parí, ó gbé máíìkì fún Bàbá Alága, ó rìn lọ bá ọmọ rẹ̀, wọ́n sì dì mọ́ ara wọn. Àwọn adití gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń mì ín, bí wọ́n ṣe máa ń pàtẹ́wọ́ nìyẹn. Àwa tó kù wo ara wa, a sì gbé tiwa náà sókè. Ọwọ́ ló kún òkè yàrá yẹn, ọwọ́ awakọ̀, ọwọ́ káfíńtà, ọwọ́ ọ̀gá ilé búrẹ́dì tí ìyẹ̀fun ń dà sílẹ̀ lára rẹ̀. N kò tíì rí ayọ̀ tó dákẹ́ tó sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n ní kí Ìyá sọ̀rọ̀. Ó ní òun dúpẹ́. Ó wá wo Bàbá Alága.

"Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ yí ìwé padà mọ́ tí mo bá ti kà á tán. Mo ti mọ ayùn í dì mú lásán."

Àwo ẹ̀yẹ tí a fún un wà nílé rẹ̀, lórí àpótí aṣọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwo ni ẹ̀bùn gidi tí ẹgbẹ́ fún un. Lọ́jọ́ náà ni Bàbá Alága kéde pé ní ọ̀sán Ọjọ́rú kọ̀ọ̀kan, Ẹyinjú yóò máa kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ní èdè ọwọ́, kí iṣẹ́ tí ènìyàn kan ti ń dá ṣe láti ọjọ́ yìí má baà wọ̀ ọ́ lọ́rùn mọ́. Orúkọ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ìka rẹ̀ ti le. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó fẹ́ kí aránbàtà pé ẹ káàsán, ó sì sọ fún un pé ó dàbí ìgbálẹ̀. Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀ báyìí. Ewì Ẹyinjú ló wà lójú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé ọdún yìí, pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ní Sátidé tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tó yára kọ́ ọ jù nínú wa, fi ọwọ́ ké odidi ewì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ewì kúkúrú ni, nípa àbúrò rẹ̀ tó rìnrìn àjò. Ìyá Oníbúrẹ́dì jókòó ní ìlà kejì, ó na ẹsẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná. Nígbà tí nọ́ọ̀sì náà ṣe tán, Ìyá dìde, ó fi ọwọ́ sọ fún un pé ìlà kẹta ò tíì yé òun, kó wá bá òun ní ọjọ́ Ajé. Ojú nọ́ọ̀sì náà tàn yanran bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ.